Ẹ̀jẹ̀ Ìṣápá

Lẹ́yìn ilé ìgbẹ̀bí, níbi tí wọ́n máa ń sá aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí, ni mo ti bá a. Ó jókòó sórí bíríkì kan, ó ti bọ́ aṣọ funfun iṣẹ́ rẹ̀, ó ká a sórí itan bí ẹni tó fẹ́ dá a padà fún ẹni tó ni ín. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni. Ó wà ní ọdún kejì nílé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tí mo ti ń kọ́ni níhìn-ín ní Àjàṣẹ́. Láti Adjarra ló ti máa ń gun zémì, alùpùpù akérò, wá láràárọ̀, síbẹ̀ yóò dé kíláàsì ṣáájú àwọn tí ilé wọn kò ju ẹ̀yìn ọgbà wa lọ. Bí mo bá bi wọ́n léèrè ohun tó yẹ ní ṣíṣe nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya lára obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, òun ni yóò kọ́kọ́ nawọ́, yóò sì to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní Fàrànsé láìṣì kan.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sítáàjì wọn nìyẹn, ìgbà tí a máa ń kó wọn kúrò nídìí ìwé lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n lọ ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, obìnrin kan bímọ, ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Agbẹ̀bí tó wà nídìí rẹ̀ sọ fún ọmọ yìí pé kó fọwọ́ ra ikùn obìnrin náà kí ilé ọmọ lè fún pọ̀, kí òun lọ mú abẹ́rẹ́ wá. Ọmọ náà gbọ́. Ó mọ ibi tó yẹ kó gbé ọwọ́ lé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kò gbéra. Agbẹ̀bí fi èjìká tì í sẹ́yìn, ó ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, obìnrin náà sì yè. Ọ̀rọ̀ kan péré ló sọ fún ọmọ náà lẹ́yìn náà: "Ẹni tí kò bá lè ṣe é, kó kúrò lọ́nà."

"Màdáàmù," ó wí fún mi láìgbójú sókè, "mo ń lọ sọ fún ìyá mi pé mi ò ṣe mọ́."

"O ò tíì lọ síbì kankan," mo dá a lóhùn.

"Obìnrin yẹn ì bá kú, ẹ̀yin náà mọ̀. Mo mọ gbogbo rẹ̀, mo sì dúró bí òpó."

Mo jókòó tì í. Mo ti ṣe iṣẹ́ agbẹ̀bí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí orúnkún mi tó ní kí n wá iṣẹ́ ìjókòó, mo sì ti rí irú òpó bẹ́ẹ̀ púpọ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ibi tí ẹ̀mí ènìyàn wà ni a ti ń jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ kan iṣẹ́. Ẹni tó ń kọ́ aṣọ rírán, àkísà ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún un. Àwa kò ní àkísà.

"Fún mi ní ìgbà díẹ̀," mo wí.

"Láti ṣe kí ni, Màdáàmù?"

"Mi ò tíì mọ̀. Ṣáà má lọ. Wọ aṣọ rẹ."

Ó pẹ́ kó tó wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó wọ̀ ọ́.

Irọ́ ni pé mi ò mọ̀ rárá. Yàrá kan wà lẹ́yìn kíláàsì wa tí a ń kó bẹ́ǹṣì tó ti kán sí. Àpótí gígùn kan wà níbẹ̀ tí àwọn olóore kan fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Ọmọlángidi tó tó ènìyàn ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní ibòmíràn: wọ́n ní ó ń mí, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń bímọ. Láti ìgbà tó ti dé, a kò ṣí i. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa pè é ní òkú Dìrẹ́tọ̀, nítorí pé ọwọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa ni kọ́kọ́rọ́ yàrá náà wà.

Mo lọ bá a lọ́jọ́ kejì.

"Màdáàmù," ó wí, "bó bá bàjẹ́, ta ni yóò tún un ṣe?"

"Dìrẹ́tọ̀, ẹni tó ní in tí kò lò ó, kí ló fi sàn ju ẹni tí kò ní lọ?"

"Àwọn tó fún wa sọ pé àwọn ń bọ̀ wá kọ́ wa bí a ṣe ń lò ó."

"Ìgbà wo?"

Kò mọ̀. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Ohun púpọ̀ ti bàjẹ́ lójú rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ yẹn, ìbẹ̀rù ìbàjẹ́ sì ti wá di ara iṣẹ́ rẹ̀. Mo kí i, mo jáde. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ kejì, orí bẹ́ǹṣì tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló ti rí mi. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e náà, bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò pariwo, mi ò bínú, mo kàn ń kí i káàárọ̀, mo sì ń béèrè kọ́kọ́rọ́. Nígbà tó yá, àwọn tó bá wá rí i bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi bí akọ̀wé ọ́fíìsì rẹ̀. Bóyá ìyẹn ló sú u. Ó nawọ́ kọ́kọ́rọ́ sí mi níjọ́ kan, ó ní, "Ẹ gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni n óò bi o."

Èmi àti ọmọ Adjarra la jọ ṣí àpótí náà. Obìnrin onírọ́bà kan ló dùbúlẹ̀ níbẹ̀, ara rẹ̀ pọ́n bí ìpékeré, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. A gbìyànjú títí, kò mí, kò sọ̀rọ̀. Bátìrì inú rẹ̀ ti ṣomi, omi náà sì ti jẹ wáyà rẹ̀ tán. Ìpamọ́ tí a ń pa á mọ́ kó má bàa bàjẹ́, òun gan-an ló bà á jẹ́.

Ọmọ náà wò mí. "Ó parí nìyẹn, Màdáàmù?"

"Kò parí. Gbé orí rẹ̀, kí n gbé ẹsẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì ló ń lọ."

Ohun tí wáyà kò lè ṣe mọ́, mo pinnu pé ọwọ́ yóò ṣe é. Mo se ìṣápá títí ó fi pọ́n dúdú, mo po ògì díẹ̀ mọ́ ọn kó lè ki, mo sì dà á sínú àpò sẹ́rọ́ọ̀mù, ike omi tí a máa ń gbé kọ́ sókè fún aláìsàn. Rọ́bà rẹ̀ gba abẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì kọjá, débi tí ẹ̀jẹ̀ yóò ti máa jáde. Mo mú rọ́bà inú ẹ̀rọ àtijọ́ kan tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, irú èyí tí a máa ń fi ọwọ́ fún tí yóò sì wú, mo gbé e lọ bá télọ̀ kan ládùúgbò wa ní Akron pé kó rán àpò yí i ká.

"Àpò kí ni èyí, Màmá?" télọ̀ béèrè.

"Ilé ọmọ ni."

Ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó wo ojú mi bóyá ara mi yá. Ṣùgbọ́n ó rán an, ó sì rán an dáadáa. Bí afẹ́fẹ́ kò bá sí nínú rẹ̀, yóò rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ bí ilé ọmọ tó kọ̀ tí kò fún pọ̀. Bí mo bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí mo ń fún un díẹ̀díẹ̀, yóò le lábẹ́ ọwọ́ ẹni tó ń ra á.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kó kíláàsì wọ yàrá náà, ẹ̀rín ni wọ́n fi bà á jẹ́. Ẹnìkan kí ọmọlángidi náà kú ewu ọmọ. Ẹlòmíràn béèrè orúkọ ọkọ rẹ̀. Nígbà tí ìṣápá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ dùn pẹ̀lú yìnyín. Àwọn tó tilẹ̀ gbìyànjú dúró síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń ka ìwé wọn ní Fàrànsé sí rọ́bà létí. Ọmọ Adjarra fẹ̀yìn ti ògiri, kò rẹ́rìn-ín, kò sì sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Olùkọ́ kan tó jẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi yọjú láti ojú fèrèsé, ó ní, "Tíátà lẹ̀ ń ṣe báyìí?"

Mo délé pẹ̀lú ìbínú. Ilé Àgùdà àtijọ́ kan ni mò ń gbé ní Akron, ilé bàbá mi, èmi pẹ̀lú àbúrò bàbá mi obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Tàńtí. Láti kékeré mi ni Tàńtí ti ń tajà ní Kraké, níbi ẹnubodè, ohùn rẹ̀ sì le débi pé àwọn awakọ̀ ń gbọ́ ọ kí wọ́n tó rí i. Ó bi mí ohun tó ṣe mí, mo sì rò fún un.

"Ta ni kò ní rẹ́rìn-ín?" ó wí. "O ní kí wọ́n máa bá rọ́bà sọ̀rọ̀."

"Kí ni kí n ṣe nígbà náà, Tàńtí?"

"Mú mi lọ."

Èmi náà wá rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

"Mo ti ṣẹ̀jẹ̀ rí," ó wí. "Nígbà tí mo bí àbíkẹ́yìn mi. O ò mọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ lo wà nígbà náà. Wọ́n tọ́jú mi o, mi ò parọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n orí mi ni wọ́n gbà kọjá tí wọ́n ń sọ Fàrànsé síra wọn. Mo ti ń dágbére nínú ọkàn mi fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé yìí, kò sì sí ẹni tó sọ fún mi pé kí n má tíì dágbére."

Iṣẹ́ yẹn ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣe, mi ò sì gbọ́ ìtàn yìí rí nínú ilé tí a jọ ń gbé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Tàńtí dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì náà. A di àpò télọ̀ mọ́ ọn nínú lábẹ́ ìró, a sì gba rọ́bà ìṣápá sábẹ́ rẹ̀. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wọlé, ó ní bí Sárà inú Bíbélì bá bí i, òun náà á bí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọlé, tí ó gbin, tí ó sì ké pé, "Ẹ gbà mí! Kí ló ń tú jáde lára mi yìí?" kò sẹ́ni tó rántí ẹ̀rín.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló kọ́kọ́ lọ sídìí rẹ̀. Ọmọ Nàgó ni, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níhìn-ín, ilé wọn kò jìnnà sí tiwa. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Fàrànsé pé kí ìyá náà fara balẹ̀. Tàńtí gbá a lọ́rùn ọwọ́ mú.

"Kí lò ń wí? Ṣé mo máa kú ni?"

Ẹnu ọmọ náà là, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Èdè tó fi ń tọrọ oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, kò rí i lò. Gbogbo ohun tí a kọ́ ọ nípa ara obìnrin, Fàrànsé la fi kọ́ ọ. Lẹ́yìn ìdánrawò náà, a jókòó yí bẹ́ẹ̀dì ká, a sì ń wá ọ̀rọ̀ pọ̀: báwo lo ṣe máa sọ fún ìyá kan ní Nàgó, ní Ègùn, ní Fọ̀n, pé ilé ọmọ rẹ̀ ti rọ̀, pé wàá tẹ̀ ẹ́, pé yóò dùn ún, pé o kò ní fi í sílẹ̀? Tàńtí náà sọ ohun tó rí láti orí ìrọ̀rí. "Ìwọ, ọwọ́ rẹ le, ṣùgbọ́n o wojú mi. Ìwọ, o ò wojú mi rárá, bí ẹni pé èmi ni mo jí ẹ̀jẹ̀ náà."

Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Adjarra máa ń wá, yóò se ìṣápá, yóò fọ aṣọ, yóò dúró ti ògiri. Bí ó bá kan án, á ní kí ẹlòmíràn lọ. Mo fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá, mo dẹ́kun àti máa fi í sílẹ̀.

"Ìwọ ló kàn," mo wí lọ́jọ́ kan.

Ó rìn lọ síbi bẹ́ẹ̀dì. Ìṣápá ń ṣàn, ó ń kán sílẹ̀. Tàńtí ń kérora. Ọmọ náà dúró, apá rẹ̀ méjèèjì so rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe rò ó fún mi ní ọjọ́ bíríkì yẹn. Gbogbo ara mi ló fẹ́ lọ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ náà. Mo di ọwọ́ mi kan mú sẹ́yìn, mo fi èkejì di rọ́bà afẹ́fẹ́ mú, mo sì dúró.

Tàńtí di ojú, ó sọ ohun kan tí a kò jọ ṣètò. Kò pariwo rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí, Màmá," ọmọ náà dáhùn.

Bí ohùn rẹ̀ ṣe jáde ni ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó gbé e lé ikùn, ó ti ga jù, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó rí ibi tó yẹ. "Ẹ wá o! Ẹ̀jẹ̀ ń ya!" ó ké sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. "Ẹ mú abẹ́rẹ́ wá! Màmá, mo máa tẹ inú yín, yóò dùn yín díẹ̀, ẹ máa wò mí." Mo ń fún rọ́bà. Mo rí i lójú rẹ̀ nígbà tó mọ̀ ọ́n lára pé ó ti ń le lábẹ́ ọwọ́ òun.

Nígbà tó parí, ó bú sẹ́kún. Tàńtí dìde jókòó kó lè gbá a mọ́ra. Mo ní kí Tàńtí padà dùbúlẹ̀.

"Tún un ṣe," mo sọ fún ọmọ náà.

"Màdáàmù?"

"Nu ojú rẹ. Ọwọ́ rẹ ti mọ̀nà, má jẹ́ kó gbàgbé. Tún un ṣe."

Ó tún un ṣe. Gbogbo wọn ló tún un ṣe, ní gbogbo àkókò òjò yẹn, títí wọ́n fi ń pè mí ní Ìyá Tún-un-ṣe lẹ́yìn mi, tí mo sì ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbọ́n, sọ fún mi pé ìdánrawò yìí ti jẹ́ kí òun mọ̀ pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe tòun. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ mìíràn. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo gbà pé ó sàn kó mọ̀ ọ́n lórí ìṣápá.

Dìrẹ́tọ̀ wá wò wá lọ́jọ́ kan. Bó ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà ni Tàńtí nawọ́ sí i láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Ọkọ mi! Níbo lo lọ tí mò ń kú lọ yìí?"

Dìrẹ́tọ̀ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ló ń bá wí. Kò tíì mọ ohun tó máa ṣe tí ọmọ Adjarra fi bọ́ sí iwájú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i, ó wojú rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ìyàwó yín. A wà nídìí rẹ̀, a kò ní fi í sílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró síta fún wa. Èmi fúnra mi ni n óò wá sọ bó ṣe ń lọ fún yín." Dìrẹ́tọ̀ sì jáde lóòótọ́. Ìta ló dúró sí títí ọmọ náà fi lọ jábọ̀ fún un. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ó ní ẹ̀rù ba òun nígbà tí òun wà lóde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun mọ̀ pé ìyàwó òun wà lọ́jà. Kò béèrè kọ́kọ́rọ́ mọ́.

Nígbà tí sítáàjì tún dé, ilé ìgbẹ̀bí kan náà ni mo fi ọmọ Adjarra sí. Ó bẹ̀ mí pé kí n fi òun síbòmíràn. Mo kọ̀.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Obìnrin kan tó wá láti abúlé etí ọ̀sà ti bímọ tán, Ègùn nìkan ló gbọ́. Agbẹ̀bí tó ti ọmọ yìí sẹ́yìn níjelòó wà nídìí obìnrin mìíràn tí ọmọ rẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ jáde, kò lè kúrò níbẹ̀. Mo gbọ́ ohùn kan tó ké: "Ẹ wá o! Ẹ̀jẹ̀ ń ya!" Mo mọ ohùn náà. Mo sáré bí orúnkún mi ṣe gbà mí láyè.

Ọwọ́ rẹ̀ ti wà níkùn obìnrin náà kí n tó dé. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ ní Ègùn, èdè ọjà Adjarra, ohùn rẹ̀ kò sì yára. Mo gún abẹ́rẹ́, mo gbé sẹ́rọ́ọ̀mù kọ́. Ẹ̀jẹ̀ kò dúró. Mo wo ọmọ náà, ó wò mí, mo sì mọ ohun tó ń rò, nítorí òun ni èmi náà ń rò. Nínú yàrá wa, mo máa ń fún rọ́bà bí mo bá ti rí i pé ó tó. Níbí, kò sí ẹni tó ń fún rọ́bà.

"Màdáàmù, kò le," ó wí.

"Má gbé ọwọ́ kúrò."

"Kò le, Màdáàmù."

"Mo gbọ́. Má gbé ọwọ́ kúrò."

Kò gbé e kúrò. Òógùn ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀ sórí ọwọ́ rẹ̀. Obìnrin náà béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́, ó sì dá a lóhùn. Mo wo ibi ọmọ tó wà nínú àwo, mo rí i pé apá kan ti já kù sínú. Mo ní kí wọ́n sáré pe dókítà. Kí dókítà tó dé, tó yọ èyí tó ṣẹ́ kù, tí ilé ọmọ sì wá fún pọ̀ níkẹyìn, ọmọ yẹn ló fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dènà ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí dókítà sọ fún un pé ó tó, àwọn ìka rẹ̀ kò tètè nà.

Obìnrin náà yè. Ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí. Ní ti agbẹ̀bí, ó wá láti ìdí aláboyún kejì, ó gbé ọwọ́ lé ikùn obìnrin náà, ó rí i pé ilé ọmọ ti le, ó sì wo ọmọ Adjarra láti òkè dé ilẹ̀. "Lọ fọ ọwọ́ rẹ kí o jẹun," ó wí. "Lẹ́yìn náà, padà wá. Mo nílò rẹ."

Mo bi ọmọ náà, nígbà tó ń mu gààrí lẹ́yìn ilé, ohun tí obìnrin yẹn bi í ní Ègùn.

"Ó bi mí bóyá òun lè sùn."

"Kí lo sọ?"

"Mo ní kó má tíì sùn. Mo ní kó sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń yan ẹja lábúlé wọn."

Nọ́ọ̀sì ni báyìí, ó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn kékeré kan lọ́nà Kraké. Òun ló wá bá mi lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Àìkú kan, ojú rẹ̀ wú, tó ní aláìsàn kan kú mọ́ òun lọ́wọ́, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni ì bá ṣe. "Ṣùgbọ́n Màdáàmù, mo ní láti lọ sọ fún ìyá rẹ̀ níta, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Ẹ kò kọ́ wa ní ìyẹn."

Òótọ́ ni, a kò kọ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé bẹ́ẹ̀dì tì ní ọdún yìí, tí mo sì gbé bẹ́ǹṣì kan síwájú yàrá wa. Ẹlẹgbẹ́ mi tó pè é ní tíátà ló ń bá mi ṣètò rẹ̀. Tàńtí kọ̀ jálẹ̀ láti ṣe òkú, ó ní òun kò ní bá wa pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ara òun, ṣùgbọ́n ó gbà láti jẹ́ ìyá. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà, ó gbé àpò rẹ̀ lé itan, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ṣílẹ̀kùn, ó jáde sí i. Ó dúró síwájú ìyá náà, ó la ẹnu, gbólóhùn Fàrànsé kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ó dá a dúró fúnra rẹ̀. Ó wo ìta, ó wo ilẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì tẹ̀ ba.

"Màmá," ó wí, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n jókòó tì yín."